Bàbá Wọ́n-á-pè-mí àti Táyà Mẹ́rin

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí olóògbé jẹ́, ìtàn táyà orí fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún un. Ládùúgbò yẹn, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ pàápàá máa ń sọ ọ́ bíi pé ojú wọn ló ṣe. Ṣùgbọ́n àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí, ló jókòó tì í lọ́jọ́ náà, lórí àga gígùn tó ti jìn wọnú láàárín.

Káfíńtà ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti pá bí orí òun fúnra rẹ̀. Kò sí ìsọ̀ táyà tó kù tí kò tíì bá wọn fà á lórí iye owó. Ni ọmọ bá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wò ó lórí fóònù. Wọ́n máa ń dín owó níbẹ̀." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló mú kí bàbá gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ọmọ ṣí ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Àwòrán táyà dúdú mẹ́rin yọ, iye rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Bàbá gba fóònù, ó wò ó títí, ó wá gbé e sún mọ́ ẹnu.

"Èló ni jálẹ̀?"

"Bàbá, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ o."

"Ta ló wá kọ iye yìí síbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ náà ní ọ̀gá. Bá mi sọ fún un pé káfíńtà ni mí, èmi kì í ṣe àlejò lọ́jà."

Ọmọ fi hàn án bí wọ́n ṣe ń tẹ ibì kan, tí ọjà á bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, kéèyàn tó wá sanwó. Bàbá tẹ̀ ẹ́. Táyà bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ku kó sanwó, ó da fóònù náà dojú dé orí tábìlì, ó dìde, ó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Kò sáré. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọlọ́jà pe òun padà kì í sáré.

"Bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Mò ń lọ ni. Wọ́n á pè mí."

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó bàbá, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá, kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, torí ó ti bá a gbé pẹ́. Ó kàn ní kí ọmọ má pa fóònù náà, kó má baà jẹ́ pé wọ́n pe bàbá, kò gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún. Ọ̀rọ̀ kan wọlé látọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà náà pé: ẹ gbàgbé nǹkan sínú apẹ̀rẹ̀ yín, ẹ padà wá, a ti bá yín dín díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọmọ mọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá fi ọjà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún bàbá? Ó ti bọ́ síta pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn, ó gbé fóònù sókè, ó ń kígbe sọ́tùn-ún sósì: "Wọ́n ti pè mí! Mo ní wọ́n á pè mí!" Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Bàbá Wọ́n-á-pè-mí.

Ibẹ̀ ni bàbá máa ń fẹ́ kí ìtàn náà parí sí. Ìyá ni kì í jẹ́. Nígbà tí bàbá padà sínú fóònù láti sanwó, ó rí táyà mẹ́rin mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti dín owó rẹ̀ kù débi tí ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Nínú àwòrán, bákan náà ni wọ́n rí: dúdú, roboto, eyín wọn nípọn. Kò bi ẹnikẹ́ni, àwọn yẹn ló rà. Ó fi téépù káfíńtà wọn táyà ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò rọ́gbọ́n fi téépù wọn àwòrán.

Lọ́jọ́ tí ẹrù máa dé, ó ti ṣí géètì ńlá sílẹ̀ de ọkọ̀ akẹ́rù láti àárọ̀. Alùpùpù ló wọlé. Ọkùnrin tó gùn ún sọ̀ kalẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lápá rẹ̀ kan ṣoṣo bí ẹ̀gbà ọwọ́. Bàbá wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé ojú títì.

"Ìyókù ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ náà nìyí, Bàbá."

Táyà bárò ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kó iyanrìn níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé. Bàbá gbà á, ó dúpẹ́, ó ti géètì. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí fún Ìyá. "Ohun tí mo nílò gan-an nìyẹn." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan pákó pọ̀, ó ti ki táyà sí i lábẹ́, ó ti sọ ọ́ di ọmọlanke tí wọ́n á máa fi ti omi. Ìyá ní ọmọlanke náà nìkan ni ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ dára nínú ilé àwọn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ àti ọ̀tá rẹ̀ pátápátá ni Alẹtáyà, ọkùnrin tó ń lẹ táyà lábẹ́ òrùlé páànù kan níkangun àdúgbò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lèèyàn ti lè rí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá. Bí Alẹtáyà bá ti pe owó, bàbá á fọwọ́ sẹ́yìn, á máa lọ. Á dúró, á wojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Á bẹ̀rẹ̀, á máa so okùn bàtà, bẹ́ẹ̀ sálúbàtà ló wọ̀. Alẹtáyà á ní, "Ó dáa, ẹ padà wá," bàbá kò ní dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń fẹ́ kí wọ́n pe òun. Ó ní ti àkọ́kọ́ ẹnu lásán ni, ti ẹ̀ẹ̀kejì ló ti ọkàn wá.

Lọ́jọ́ kan, Alẹtáyà búra pé òun kò ní pè é. Ó dijú, ó kọjú sí ògiri. Bàbá rìn, ó rìn, ó yí kọ́nà, kò sí mọ́. Inú Alẹtáyà ti ń dùn nígbà tí bàbá tún yọ láti apá kejì ilé náà, òógùn ti bò ó, ó sì kí i bí ẹni tí wọn kò ríra láti ọdún tó kọjá. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kàn ń kọjá ni. Àbí ẹ pè mí?" Alẹtáyà gba iye tí bàbá fẹ́, torí ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè yanu bá a fà á.

Nígbà tí àìsàn dé, bàbá bá a dúnàádúrà bákan náà. Inú ló ń run ún. "Jẹ́ kí n parí ilẹ̀kùn yìí ná," á sọ fún inú rẹ̀, inú á sì dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò dákẹ́ mọ́. Bàbá rù débi pé aṣọ ara rẹ̀ dà bí èyí tó yá lọ́wọ́ ẹni tó sanra jù ú lọ. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ kọ̀ láti gbé e. Ọmọ ní kí wọ́n ra kẹ̀kẹ́ tí aláìsàn máa ń jókòó sí. Bàbá béèrè iye rẹ̀, ó sì bínú bíi pé ọmọ ló ń tà á. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọlanke wá. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àga mọ́ ọn, ó ń sinmi lẹ́yìn ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ti ń fi táyà bárò ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí wá dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó sì dúró síbẹ̀ láìdáná.

Síbẹ̀, táyà ọkọ̀ ló ń dun bàbá ju inú lọ. Ó ti gbé ọkọ̀ àtijọ́ yẹn fún ọmọ. Òun ni ọmọ ń gbé lọ sí ilé ìgbẹ̀bí tó jìnnà, lójú ọ̀nà tó kún fún kọ́nà àti afárá tóóró, àwọn táyà pípá yẹn náà ló sì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ yọ̀ lórí omi, ó pòòyì, ó lọ dúró létí afárá, imú rẹ̀ ń wo odò. Nǹkan kan kò ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló bá a gbẹ̀bí ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí lọ́jọ́ náà.

Bàbá ní kí wọ́n ti òun dé ìdí ọkọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa táyà kọ̀ọ̀kan bí ẹní ń wò ó bóyá pákó ti dán.

"Ó ti tán," ló wí.

"Màá rà á lóṣù yìí, Bàbá."

"O ò ní rà á. Èmi ni mo fún ọ lọ́kọ̀, èmi ni màá fún ọ ní táyà. Mo ti kó mẹ́rin sínú apẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, mo kà á lára táyà lọ́tẹ̀ yìí. Mò ń dúró kí wọ́n pè mí ni."

"Ṣebí wọ́n ti pè yín lánàá," ni Ìyá wí.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ọmọ yìí á kú sódò kí wọ́n tó pè yín lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lára táyà. Ọmọ ì bá ti ra táyà náà fúnra rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún bàbá láyé nìyẹn, kò sì lè já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rọra wa ọkọ̀, ó sì ń gbàdúrà bó bá ti rí afárá.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n lọ gbọ́ èsì àyẹ̀wò. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún àgbàlagbà.

"Oṣù mẹ́ta, Bàbá. Bóyá."

"Mẹ́fà," ni bàbá wí.

Dókítà wojú ọmọ. Ọmọ wo ilẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe èmi ni mò ń…"

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà ní ọ̀gá. Ó dáa, ẹ mú un ní márùn-ún, ká má fa ọ̀rọ̀ gùn."

"Oṣù mẹ́ta ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá mi orí, bí ó ṣe máa ń mì ín fún Alẹtáyà. "Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́ o. A ń lọ." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fọwọ́ kan ọwọ́ ọmọ tó di àga mú. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Tì mí. Rọra o. Má sáré. Wọ́n á pè wá."

Ọmọ tì í. Kò ti nǹkan kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Táyà bárò yí kọjá ìdí tábìlì, ó yí kọjá òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn aláìsàn, ó yí kọjá ẹnu ilẹ̀kùn. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ká ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà fún wọn. Bàbá kò bojú wẹ̀yìn, torí ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn ti ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́. Ọmọ ń gbàdúrà pé kí ẹnì kan pe àwọn, ẹnikẹ́ni, kó tiẹ̀ parọ́.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìta nígbà tí ẹsẹ̀ ń dún bọ̀ lẹ́yìn wọn kíákíá. Èjìká bàbá dìde. "Ṣé mo wí?" ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Dókítà ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Fìlà bàbá ló mú lọ́wọ́. Bàbá ti gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì.

Bàbá gba fìlà rẹ̀, ó dúpẹ́, ó dé e, ó tún un tò dáadáa. "Ó dáa," ló wí fún ọmọ. "O lè máa sáré báyìí."

Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kí wọ́n gbé awò ojú òun àti fóònù wá, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, kò dúnàádúrà mọ́. Obìnrin tó ń ta ọsàn pe owó lẹ́nu géètì, bàbá ní ó dáa. Obìnrin náà pàápàá dúró, ó ń retí. Ẹ̀rù ọsàn yẹn ba Ìyá ju ẹ̀rù àìsàn lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì pé tí bàbá fi kú, lójú oorun, ọwọ́ rẹ̀ nínà sí apá ibi tí fóònù wà. Oṣù mẹ́ta ni dókítà pè fún un, kò sì gbà tó ìdajì oṣù kan. Alẹtáyà ní ọjà kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹ jẹ nínú rẹ̀ rí nìyẹn.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ọ̀nà tóóró, ẹrẹ̀ ń fa bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀, àwọn tó gbé pósí sì ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Ìyá ló ní kí wọ́n tú àga kúrò lórí ọmọlanke. Wọ́n gbé bàbá lé e. Táyà bárò náà kò dún, kò yọ̀, ó tẹ ẹrẹ̀ lọ bíi pé torí iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe rà á. "Ẹ rọra tì í," ni Ìyá ń sọ. "Ẹ má sáré." Ọmọ gbọ́ ọ, ó sì ní láti di igi ọgbà mú.

Wọ́n ti ibẹ̀ dé, àwọn èèyàn ṣì jókòó nínú ọgbà, nígbà tí wọ́n kan géètì. Ọkùnrin alùpùpù ọjọ́sí ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń já táyà sílẹ̀, ńlá, tuntun, mẹ́rin. "Bàbá ńkọ́? Ó ní òun alára ló máa gbà á." Ó wo ojú wọn, ó wo pósítà ìsìnkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì jókòó lé orí ọ̀kan nínú àwọn táyà náà.

Ìyá ní wọ́n ṣi ilé ni. Ọmọ bẹ̀rẹ̀, ó ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ ẹ gan-an ló rí. Ó ṣí fóònù bàbá. Ọjọ́ tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ dókítà dé ni bàbá rà á. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà ló san, kò dín kọ́bọ̀. Ó tiẹ̀ fi owó kún un kó lè tètè dé.

"Kì í ṣe òun," ni Ìyá wí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bínú. "Olè ti gbé fóònù yẹn lò."

"Òun ni, Ìyá," ni ọkùnrin náà wí. "Ó pè mí. Mo ní ọjọ́ mẹ́wàá ló máa fi dé, ó ní kí n mú un ní márùn-ún. Mo rò pé owó ló ń dùn ún, mo ní ṣé kí n bá a bẹ ọ̀gá mi kó dín díẹ̀ kúrò. Ó ní kí n fi owó sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ ni kí n bá òun dín kù." Ó wo ilẹ̀. "Mo gbà fún un, Ìyá. Òjò ló dá mi dúró lójú ọ̀nà."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà yà á lẹ́nu, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó tún bú sẹ́rìn-ín, kó tó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó sì sunkún bí kò ṣe sun ún létí sàréè. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń rò ó bóyá ohunkóhun wà láyé tí ọkọ òun lè ra ní iye tí wọ́n pè é. Ó ti wá rí i báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ kó táyà náà lọ sọ́dọ̀ Alẹtáyà. Alẹtáyà yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èló ni bàbá dín níbẹ̀?"

"Kò dín nǹkan kan."

Alẹtáyà tún yí táyà kan padà. Lẹ́yìn náà ló pe iye tí òun máa gbà kí òun tó ki táyà náà sẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Owó náà ga débi tó fi lè ra ọ̀kan nínú àwọn táyà. Ọmọ kàn ṣí báàgì rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Inú ti bí Alẹtáyà. "Iye tí mo pè yẹn lo fẹ́ san? Ṣé ọmọ bàbá yẹn ni ọ́ ṣá?"

Ọmọ wò ó. Ojú ọkùnrin náà pọ́n, kì í sì í ṣe ìbínú ló fà á. Ọmọ rọra pa báàgì dé.

"Ó ti wọ́n jù," ló wí.

"Bó bá wọ́n, máa lọ."

Ọmọ fọwọ́ sẹ́yìn, ó ń lọ. Kò sáré. Ó dúró, ó wojú ọ̀run. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan bàtà tí kò lókùn. "Ó dáa, padà wá!" ni Alẹtáyà ké. Ẹnu lásán nìyẹn. Ọmọ ń lọ. Ó kọjá òpó iná, ó kọjá ìsọ̀ ata, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dákẹ́. Ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn ló ń rí, àti èjìká bàbá tó dìde.

Ìgbà náà ni ohùn Alẹtáyà gba gbogbo òpópónà, ó ń ya, àwọn èèyàn sì ń yọjú lójú fèrèsé.

"Bàbá Wọ́n-á-pè-mí o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá!"

Bóyá ó ṣèèṣì ni, bóyá ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni, ọmọ kò bi í rí. Ó dúró síbẹ̀, ẹ̀rín ń pa á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì tíì bojú wẹ̀yìn. Ó dúró díẹ̀ sí i, kí ìpè náà lè dé ibi tó yẹ kó dé. Lẹ́yìn náà ló padà.